Oṣù Mẹ́ta Lọ́dọ̀ Máhìn, Òǹkọ̀wé tí Kò Lè Padà Sílé

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni ará àdúgbò ń bi mí. Bí mo bá ń kọjá níwájú mọ́sáláṣí wa ní Ajégúnlẹ̀, tàbí bí mo bá wọ kíláàsì ní Àpápá, wọ́n á ní, "Àǹtí Sìdí, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?" Mo máa ń dáhùn pé yìnyín ni mo rí. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n yìnyín kọ́ ni mo rí. Ènìyàn kan ni mo rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì ṣeé sọ lórí ìdúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Èmi Sìdíkátù tí ẹ mọ̀, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní Yorùbá, mo kọ ìwé ìtàn kékeré kan nípa àwọn obìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ tà fún àwọn tó ń já ẹrù ní Kirikírí. Ìwé yẹn rìn jìnnà ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ. Ilé kan wà ní Jámánì tí wọ́n ti ń gba àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè lálejò, kí wọ́n lè kọ̀wé láìsí ìyọlẹ́nu. Wọ́n ní kí n wá lo oṣù mẹ́ta. Gbogbo àwa tí a dàgbà sí ìhà ibí yìí la mọ bí ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi ṣe ń kéré sí i bó bá ń lọ sí agbami. Mo ní ó yá, ẹ jẹ́ kí n lọ wo ibi tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí.

Ìlú tí kì í kí ènìyàn

Ìlú kékeré ni, létí òkun, ní àríwá Jámánì. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ẹ ronú kan ìlú tí ilé wà, tí iná wà, tí ọkọ̀ ń kọjá, tí ẹ kò sì gbọ́ ohùn ènìyàn kan. Mo kí obìnrin kan lójú ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó di báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin. Mo kí ọkùnrin kan, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo ti dẹ́kun kíkí. Mo sì wá ń rò ó pé bí mo bá ṣubú sí ojú ọ̀nà yẹn, ta ni yóò mọ ilé tí wọ́n á gbé mi lọ?

Obìnrin tó ń mójú tó ilé náà ń jẹ́ Úté. Ó ga, irun rẹ̀ funfun, kì í ṣe ènìyàn búburú. Ṣùgbọ́n kí ó tó bi mí bóyá mo sùn dáadáa, ó ti fi garawa ìdalẹ̀nù mẹ́rin hàn mí, ó sì ṣàlàyé èyí tí ìwé ń lọ sí, èyí tí ike ń lọ sí, èyí tí èèpo ọsàn ń lọ sí. Oúnjẹ alẹ́ wọn kì í kan iná. Búrẹ́dì, wàràkàṣì, kùkúńbà tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Bó bá gbé e wá tí mo ní "Rárá, ẹ ṣeun," bí a ti kọ́ wa nílé pé ọmọ gidi kì í tètè na ọwọ́ sí oúnjẹ ẹni, ó máa gbé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ìgbà méjì ni ìwà ọmọlúàbí fi ebi pa mí sùn. Mo fi omi tútù rẹ gàrí tí mo gbé lọ, mo ń gbọ́ bí mo ṣe ń gbé e mì nínú yàrá yẹn. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ ọ̀fun ara rẹ̀ rí, kò tíì dá wà.

Ohùn lẹ́yìn ògiri

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ ohùn obìnrin nínú yàrá kejì. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ rọ̀. Kì í ṣe èdè Jámánì, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ, àfi àwọn ọ̀rọ̀ kan tó ń yọrí láàárín rẹ̀ bí ẹni tí mo mọ̀ rí láàárín èrò. Mo gbọ́ ohun tó jọ àdúrà. Mo gbọ́ ohun tó jọ sùúrù. Mo dìde, mo gbé etí mọ́ ògiri bí ọlọ́fòófó.

Ìrọ̀lẹ́ la pàdé nílé ìdáná. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹyinjú rẹ̀ dúdú mininjọ, ó fi ìbora ká èjìká. Ó ń po tíì sínú gíláàsì kékeré.

"Kí lorúkọ rẹ?" Gẹ̀ẹ́sì ni àwa méjèèjì jọ ń sọ, tirẹ̀ wọ́ díẹ̀, tèmi náà wọ́ díẹ̀.

"Sìdíkátù, mà. Sìdí ni wọ́n ń pè mí."

Ó gbé ìkòkò tíì kalẹ̀. "Sẹ̀díkẹ̀! Bí àwa ṣe ń pè é nìyẹn. Orúkọ àbúrò ìyá mi ni." Ó tún un pè, ó sì pè é bó ṣe yẹ. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, kò sí ẹni tó tíì pe orúkọ mi tí mo mọ̀ pé èmi ni.

Máhìn lorúkọ tirẹ̀. Ọmọ Ìránì ni, òǹkọ̀wé àlejò bíi tèmi. Ó ní kí n máa pe òun ní Máhìn bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kọ̀. Mo ní, "Àǹtí Máhìn." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní ilẹ̀ tàwọn náà, ènìyàn kì í pe àgbà obìnrin ní orúkọ láìfi nǹkan tì í.

Ó bu tíì fún mi. Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Ó tún gbé e sún mọ́ mi. Mo ní kí ó má ṣèyọnu. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó fi bisikíìtì tì í, ó ní bí mo bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i òun á bínú. Ara mi wálẹ̀. Mo mọ̀ pé mo ti rí ẹni tó mọ̀ pé "rárá" àkọ́kọ́ kì í ṣe kíkọ̀, ìkíni ni. Ṣúgà kì í wọnú tíì wọn. Eyín ni wọ́n fi ń di hóró rẹ̀ mú, tí tíì á máa gbà á kọjá. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó já bọ́ sí mi láyà, àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú wa. Ilé yẹn kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Úté yọjú bóyá nǹkan fọ́.

Ìwé ń wọlé, ẹni tó kọ ọ́ ń bẹ níta

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn rẹ̀, ìdí tíì la ti ń sọ ọ́. Tẹ̀ránì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ kú kó tó gbọ́njú, iṣẹ́ aṣọ rírán ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ dá lórí àwọn obìnrin tó ń gbé ojúlé kan náà ní ìgbà ogun, tí wọ́n jọ ń lo ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Nínú rẹ̀, ìyá kan fi ọmọbìnrin aládùúgbò pamọ́ sẹ́yìn òkìtì aṣọ ìbora nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá mú un. Àwọn aláṣẹ ní ó ba orúkọ ìlú jẹ́. Wọ́n kó ìwé náà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti Máhìn mọ́lé fún oṣù bíi mélòó kan. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ tí wọ́n tún ránṣẹ́ pè é, ó mọ̀ pé bí òun bá lọ lẹ́ẹ̀kejì, òun kò ní bọ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ sí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ní ìlú míràn. Orí ẹṣin ló gba òkè kọjá sí Tọ́kì nínú òtútù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kú sórí òkè náà. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ fi hàn mí bí ẹni ń fi àpá àjẹsára hàn.

Ní Jámánì, ó gbálẹ̀ ọ́fíìsì fún ọdún púpọ̀, ó ń kọ̀wé kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìwé ìtàn márùn-ún ló ti kọ, gbogbo rẹ̀ ní èdè Páṣíà, èdè ilé rẹ̀. Ọkùnrin kan tó sá wá bíi tirẹ̀ ló ń tẹ̀ wọ́n, ẹ̀dà díẹ̀díẹ̀, èyí tí Máhìn á fi báàgì gbé lọ síbi tí àwọn ará ilẹ̀ wọn bá ti pàdé. Ṣùgbọ́n ní Ìránì fúnra rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń fi fóònù ka ìwé náà ní ìkọ̀kọ̀. "Ìwé mi ń wọlé," ó ní. "Èmi ni wọn kò jẹ́ kí n wọlé."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ ní èdè Jámánì, kí àwọn tó yí i ká lè kà á.

"Sẹ̀díkẹ̀, mo lè fi èdè Jámánì ra ọdúnkún. Mo lè fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì fi ṣépè rí, n kò sì tíì fi rẹ ọmọ lẹ́kún rí. Báwo ni mo ṣe máa fi kọ ìtàn?"

Ìyá rẹ̀ ni mo ń gbọ́ tó ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Ìyá ti darúgbó, ó ń gbàgbé nǹkan. Ó máa ń bi í pé, "Ṣé o ti jẹun? Ìgbà wo lò ń bọ̀?" Máhìn á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màámà." Irun Máhìn ṣì dúdú nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ó sọ pé irọ́ ni

Ó di ọ̀sán ọjọ́ kan, n kò gbọ́ ohùn lẹ́yìn ògiri. Mo dúró, mo dúró, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a, fóònù wà lórí itan rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló pè. Kíndìnrín ìyá ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn dókítà ní kò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì tún wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan láàárín àwọn aláṣẹ ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yìí pé Máhìn lè wá, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Ohun kan ṣoṣo ni kó ṣe. Kó jókòó síwájú kámẹ́rà, kó sọ pé irọ́ ni ohun tí òun kọ sínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn, pé àwọn àjèjì ló sanwó fún òun.

"Ní ilẹ̀ yín," ó bi mí, "kí lẹ máa ṣe?"

N kò ronú. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ sọ ọ́, kí ẹ máa lọ. Ọlọ́run mọ inú yín. Ìwé kọ́ ni yóò da yẹ̀pẹ̀ lé ìyá yín lórí, ọmọ ni."

Ó wò mí. "Ìwọ òǹkọ̀wé lò ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ọmọ ìyá mi ni mo sọ ọ́."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gíláàsì tí kò dọ̀tí. Mo jáde. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kò bá mi sọ̀rọ̀, tíì sì dáwọ́ dúró. Ìdákẹ́jẹ́ ìlú náà padà bò mí. Mo ń rìn lọ sí etíkun, mo ń wo bí wọ́n ṣe ń já igi gẹdú nínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ọkùnrin méjì péré dúró tì í, wọn kò pariwo, wọn kò kọrin, kò sí ẹni tó bú ẹnì kejì. Mo rántí Àpápá, mo rántí èébú ibẹ̀, mo sì sunkún níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé.

Òun ló kan ilẹ̀kùn mi níkẹyìn. "Mo fẹ́ bá ìyá mi sọ ọ́. N kò fẹ́ dá wà níbẹ̀."

Orí fídíò la ti pè wọ́n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló di fóònù mú fún ìyá. Arúgbó kékeré kan, ìborùn funfun ká ojú rẹ̀. Máhìn ń túmọ̀ fún mi. Ìyá kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máhìn ní, "Sẹ̀díkẹ̀ ni." Ìyá rò pé àbúrò òun ni, èyí tó ti kú tipẹ́. Ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, "Sẹ̀díkẹ̀, oòrùn ti pa ọ́ jù."

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Máhìn sọ ohun tí àwọn aláṣẹ ń béèrè. Ìyá fi ọwọ́ tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó wá ní:

"Obìnrin inú ìwé yẹn, tó fi ọmọ pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìbora. Ṣé èmi kọ́ ni?"

"Ẹ̀yin ni, Màámà."

"Bó o bá ní irọ́ ni, ọmọ yẹn ńkọ́? Ta ló wá gbà á là?"

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ojú rẹ̀ tún yí padà bí ẹni pé ẹnì kan pa iná. "Ṣé o ti jẹun? Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Màámà."

Máhìn kò jókòó síwájú kámẹ́rà kankan.

Hálúwà

Ìyá kú nígbà tó kù díẹ̀ kí n máa bọ̀ nílé. Àárọ̀ ni wọ́n sin ín. Ẹ̀gbọ́n Máhìn gbìyànjú láti fi ìsìnkú náà hàn án lórí fóònù, ṣùgbọ́n àwòrán náà gan síbi bàtà ẹnì kan, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Bàtà àjèjì ni Máhìn rí níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀.

Mo bi í pé ta la máa ránṣẹ́ pè. Ó ní ọkùnrin tó ń tẹ̀wé wà ní ọsibítù, àwọn ará ilẹ̀ wọn tó kù ti bá ara wọn jà, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó da bọ́tà sínú páànù, ó da ìyẹ̀fun lé e, ó ń rò ó. Hálúwà ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n ń ṣe nígbà òkú. Ìyẹ̀fun náà ń pọ́n díẹ̀díẹ̀, òórùn rẹ̀ jọ ti gàrí tí wọ́n ń yan nínú agbada. Lẹ́yìn náà ló da ṣúgà tí ó ti yọ́ sí i, pẹ̀lú omi òdòdó tó ń ta sánsán. Bí apá bá ro ó, èmi á gbà á rò.

"Nílé," ó ní, "òórùn yìí ló máa ń sọ fún àdúgbò. Kí o tó pe ẹnikẹ́ni, wọ́n á ti kún ẹnu ọ̀nà."

Mo ṣí fèrèsé. Òtútù ló wọlé. A dúró fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ẹni tó wá.

Mo ní, "Bí wọn kò bá wá, àwa la máa lọ." A bu ú sí àwo kéékèèké, a bọ́ sójú yìnyín, a ń lọ láti ilé dé ilé. Ní ilé àkọ́kọ́, kọ́tìnnì mì, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ní ìkejì, bàbá àgbà kan yọjú. Ó wo àwo, ó wo aṣọ dúdú Máhìn, ó wò mí, ó bèèrè pé èló ni. Máhìn ní a kì í tà á, ìyá òun ló kú. Bàbá náà wọlé lọ. A ti ń yí padà nígbà tó sáré jáde, ẹyin adìyẹ wà nínú fìlà rẹ̀. Ó gba àwo lọ́wọ́ Máhìn, ó gbé fìlà lé e lọ́wọ́, ojú ń tì í.

Nígbà tí a padà, Úté ti wà nílé ìdáná. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó fọ gbogbo páànù, ó wá jókòó tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú láìsọ gbólóhùn kan. N kò tètè mọ̀ pé bí òun ṣe ń kíni kú ọ̀fọ̀ nìyẹn.

Ní Ajégúnlẹ̀

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò, Máhìn ní kí n má jẹ́ kí òun sunkún. Kò sun ún. Ó po tíì fún mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi gbé mi.

Ní Àpápá, ẹnì kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Sọ́rì o, àǹtí, ẹ má bínú." Ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Ooru mú mi, ariwo yí mi ká, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, mo bá ara mi tí mo ń tẹ́tí sí ògiri. Rédíò aládùúgbò ni mo gbọ́.

Mo lọ bá Ìyá Àdínnì, àgbà àwọn obìnrin mọ́sáláṣí wa, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmọ náà ń kírun?"

"N kò lè purọ́, mà. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti kírun gbẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ló ń kírun."

"Ìyá ló kú. Ogójì ọjọ́ ńkọ́? Wọ́n ń ṣe é níbẹ̀?"

"Wọ́n ń ṣe é, mà, bíi tiwa. Kò tíì pé."

"Ó dáa. A máa ka fìdáù fún un."

Màmá Tónyè, aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tó ń fọ aṣọ nítòsí, gbé orí sókè. "Sister Sidi, which day? Make I fry the akara."

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni. Àwọn obìnrin àsàlátù wa jókòó sórí ẹní níwájú mọ́sáláṣí, nínú ìborùn funfun wọn. Mo pe Máhìn lórí fídíò, mo gbé fóònù ti orí àga kí ó lè rí wọn. Mo ti ṣàlàyé fún un tẹ́lẹ̀. Ó jókòó nínú yàrá rẹ̀, ó wọ kóòtù, òun nìkan.

Ìyá Àdínnì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó tọrọ àforíjì fún òkú, ó ní kí Ọlọ́run fẹ ibojì rẹ̀, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Àwọn obìnrin ń ṣe àmín, ohùn wọn ń lọ sókè. Mo rí i tí Máhìn sún mọ́ fóònù.

"Sẹ̀díkẹ̀," ó ní. "Mo ń gbọ́ orúkọ mi. Èmi kọ́ ni mo kú."

"Ìyá yín ni wọ́n ń pè, Àǹtí mi. Wọn kò lè pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Máhìn ni wọ́n ń pè é. Bí a ṣe ń pe ìyá ọlọ́mọ nìyẹn ní ilẹ̀ wa, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni."

Àwòrán dúró lójijì bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó padà, ó ti fi fóònù lélẹ̀ sórí tábìlì, òkè àjà funfun nìkan la ń rí. Ṣùgbọ́n a ń gbọ́ ọ. Ó ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ń ṣì í pè, ó tún ń tún un pè: "Ìyá Máhìn. Ìyá Máhìn."

Àdúrà ti parí, oòrùn ti ń mú. Ìyá Àdínnì na ọwọ́ sókè sí àwọn obìnrin pé kí wọ́n dákẹ́ kí Máhìn lè pè é tán, kò sì sí ẹni tó dìde.